Ìjà Tí Mo Fi Ẹnu Jà fún Bàbá Búráímà

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ iyàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ ràdíò wa ní Bassila, ní ilẹ̀ Benin, ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ohùn mi kò gbọ̀n. Ọlọ́run ló ṣe é, ó sì ti ọwọ́ àwọn alfa mi ní Manigri ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó lórí ẹní nílé kéú, tí mò ń ka wàláà sókè ketekete, tí alfa wa ń fi pàṣán kan ilẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ mì. Nígbà tó yá mo wọ médérésà, mo sì kọ́ Faransé mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó lè sọ nígbà náà pé ohun tí ohùn yẹn máa ṣe láyé ni kó máa ròyìn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Mo dúpẹ́ fún un títí dòní.

Iṣẹ́ mi ni ètò eré ìdárayá ní èdè Nàgó, Yorùbá ti ilẹ̀ wa. Bọ́ọ̀lù ló gba ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán Sátidé jẹ́ ti àwọn akànṣẹ́, pàápàá àwọn tó wúwo jù lọ nínú wọn. Orúkọ tí mo fún ètò náà ni “Ta Ni Ìbá Borí?” Mo máa mú akànṣẹ́ ńlá kan láti ìgbà tí tẹlifísọ̀n ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, mo máa mú òmíràn tó ń jà lónìí, mo máa kó wọn pàdé lórí afẹ́fẹ́, àwọn olùgbọ́ á sì máa pè wá láti jiyàn. Oníṣẹ́ ọkọ̀ kan wà ní Pénéssoulou tí kì í gbà rárá pé ẹni òní lè na ẹni àná. “Àwọn ti ìsinsìnyí?” á ní. “Adìẹ inú yìnyín ni wọ́n. Wọ́n tóbi, wọn ò lágbára.” Obìnrin kan ní Bassila ló máa ń dá a lóhùn lọ́sẹ̀ kejì: “Ẹ̀gbọ́n, òmìrán yìí á kàn gbé ọwọ́ lé orí bàbá yín ni, apá bàbá yín ò ní kàn án títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi wọ́n wéra ni Mẹ́tìrì Lúùkù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, onígbàgbọ́ tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, tó sì ní àpótí méjì tó kún fún ìwé ìròyìn àtijọ́ nípa ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ó jókòó tì mí fún oṣù mẹ́ta.

“Ìsìáká,” ó ní, “má fi ọjọ́ orí wé ọjọ́ orí. Wá ọjọ́ tó dára jù láyé ọkùnrin kan, kí o fi wé ọjọ́ tó dára jù láyé èkejì.”

Ó ní kí n rántí pé àwọn àtijọ́ máa ń ja abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pé méjìlá ni àwọn òní ń jà, nítorí náà ẹni àná mọ bí a ṣe ń fi agbára pamọ́ ju ẹni òní lọ. Ó ní kí n rántí pé ẹni tí wọ́n ń pè ní òmìrán ní ayé baba wa lè fúyẹ́ lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ga bí òpó iná. Kí n wo ẹni tí oníkálukú nà, kí n má wo iye tó nà. Kí n wo ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n lù ú ṣubú, torí ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ akànṣẹ́.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ tó kẹ́yìn kò tilẹ̀ kan ẹ̀ṣẹ́. Ó ní: “Àwọn olùgbọ́ wa kì í ṣí ràdíò nígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ebi bá pa wọ́n lóko, tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi, ni wọ́n ń ṣí i. Nítorí náà, ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún, sọ fún wọn pé ìjà yìí kò ṣẹlẹ̀ rí.” Mo pa òfin yìí mọ́ fún ọdún méjì gbáko.

Ní ọdún kẹta, lásìkò tí kajú ń jábọ́, àwọn olùgbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí mo ti ń sá fún. Wọ́n ní kí n fi àwọn ará òkèèrè sílẹ̀, kí n kó tiwa pàdé. Tiwa ni Bàbá Búráímà ti Manigri àti Wàhábù ti Bassila.

Bàbá Búráímà jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Nígbà èwe rẹ̀, ó kan ẹ̀ṣẹ́ ní Cotonou, ó kàn án ní Lomé, ó sì kàn án dé Abidjan, kó tó padà wálé wá kọ ebè iṣu, kó sì gbin kajú. Bó bá jókòó lórí àga, àga náà á ké. Wàhábù ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kílò márùndínlọ́gọ́fà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lórúkọ ní Parakou. Manigri ń fi ti àgbà yangàn, Bassila ń fi ti ọmọdé yangàn. Èmi wá jẹ́ ọmọ Manigri tó ń jẹun ní Bassila. Ẹ rí ibi tí mo dúró.

Mo lọ bá Bàbá nílé rẹ̀ ní Manigri. Ó sọ gbogbo ìtàn rẹ̀ fún mi: bí ará Lomé kan ṣe fọ́ ọ lágbọ̀n, bí òun ṣe kọ́ látọjọ́ náà láti máa fi ọwọ́ òsì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, àní nígbà tó bá ń jẹun. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ètò kan ni mò ń ṣe. N kò sọ irú ètò tó jẹ́, torí mo mọ̀ pé á bi mí pé ta ló borí, n kò sì fẹ́ parọ́ fún àgbàlagbà. Kílò márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó wọ̀n lọ́jọ́ tó dára jù láyé rẹ̀. Ogún kílò ni ọmọdé yẹn fi jù ú. Bí mo ṣe gbé e yẹ̀ wò tó, Wàhábù ni ìbá borí.

Lọ́sàn-án Sátidé náà, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ wa fi ariwo èrò tó gbà sílẹ̀ ní pápá bọ́ọ̀lù sí abẹ́ ohùn mi. Irin ọkọ̀ tí wọ́n ń lù nílé ìwé ló fi ṣe agogo ìjà. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, níbẹ̀rẹ̀, pé àròsọ ni, pé Bàbá Búráímà ìgbà èwe ni mo mú wá. Lẹ́yìn náà, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. Ìjà náà gbà mí. Nígbà tí a fi máa dé abala kẹsàn-án, mo ti dìde dúró níwájú mikiró, ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ sí.

“Bàbá Búráímà ti rẹ̀! Ó sọ ọwọ́ òsì sílẹ̀! Wàhábù rí i! Ọwọ́ ọ̀tún! Ó bá a lẹ́rẹ̀kẹ́! Ó ti ṣubú! Manigri, Bàbá yín wà nílẹ̀! Ení, èjì, ẹ̀ta…”

Mo kà á dé ẹ̀wá. Mo ní: “Bàbá kò dìde.” Ariwo èrò gba gbogbo afẹ́fẹ́. Mo nu òógùn ojú mi, mo rò pé n kò ṣe irú iṣẹ́ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni àkọ́kọ́ tó pè wà lóko nítòsí Doguè. “Àlóò! Ṣé ojú kì í ti ẹ̀yin ará Bassila ni? Ẹ gbé arúgbó dìde, ẹ wá jẹ́ kí ọmọdé lù ú bí ẹní lu ẹ̀wà?”

“Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Àròsọ ni.”

“Àròsọ ni agogo tí mo gbọ́? Àròsọ ni gbogbo èrò yẹn?” Ó pa tẹlifóònù mọ́ mi létí.

Ẹni kẹta tó pè ni Ìyá Mẹ́mùnà, ìyàwó Bàbá Búráímà. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

“Ìsìáká, ọmọ ẹ̀yìnkùlé wa. Níbo lẹ gbé ọkọ mi sí?”

“Ìyá, kò sí lọ́dọ̀ wa. Ṣé kò sí nílé ni?”

“Ó jáde láàárọ̀. Oko kajú ló ní òun ń lọ. Tẹlifóònù rẹ̀ kò wọlé. Mo gbọ́ tí o ní kò dìde.”

“Ìyá, ẹnu ni mo fi ṣe é.”

“Kí lo fi ẹnu ṣe?”

Ó wá sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi. Ní oṣù tó kọjá, dókítà sọ fún Bàbá pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò gbọdọ̀ bínú, kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó máa mú àyà rẹ̀ já. Ó sì mú ràdíò kékeré rẹ̀ dání lọ sóko, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́.

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Bàbá dá wà lábẹ́ igi, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó gbọ́ èrò Bassila tí ń hó lórí òkú rẹ̀. Tí ọkàn rẹ̀ bá dúró níbẹ̀, èmi ni mo pa á, kì í ṣe Wàhábù. Mo bẹ Ọlọ́run pẹ̀lú gbogbo àyà mi. Mo ní: Olúwa, bí o bá fi ẹ̀mí rẹ̀ jìn mí, n kò ní fi ahọ́n yìí ṣeré mọ́.

Ní ìdààmú yẹn ni mo tún ṣe àṣìṣe kejì. Mẹ́mùnà, ọmọbìnrin Bàbá, ń gbé nílé ọkọ ní Doguè. Mo pè é, pè é, tẹlifóònù rẹ̀ ń dún lásán. Mo rò pé yóò ti gbọ́ ràdíò, àyà rẹ̀ yóò ti já. Mo wá bẹ Alfa Sùlé, àgbàlagbà tó ń pèrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ wa, pé kó gun alùpùpù lọ fi í lọ́kàn balẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ìlú wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe ọmọ lórí tẹlifóònù kí a ní òbí rẹ kú. Àgbàlagbà ni a ń rán. Á wọ aṣọ funfun, á kí gbogbo ilé, á ní kò sí nǹkan kan, á ní kí ọmọ náà kàn dìde kí àwọn jọ dé ilé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá tí kì í mọ ohun tó gbé e wá. Aṣọ funfun náà ni Alfa Sùlé wọ̀, torí kò ní àwọ̀ mìíràn. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí Mẹ́mùnà fi já gèlè sọnù. Alfa ní, “Ọmọ mi, kò sí nǹkan kan.” Mẹ́mùnà fi igbe ta.

N kò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Bí mo ṣe ń jáde kí n lọ wá Bàbá lóko, ta ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà bí kò ṣe Wàhábù. Gbogbo ara kílò márùndínlọ́gọ́fà yẹn ló ń gbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mo pa bàbá àgbà kan ní Manigri! Inú ilé ni mo wà! Ẹ̀wà ni mò ń jẹ! Ìyá mi alára ń bi mí pé kí ló dé tí mo ṣe bẹ́ẹ̀!”

“Wàhábù, jọ̀wọ́, lọ sílé.”

“N kò lọ. Mo máa tẹ̀ lé yín lọ tọrọ àforíjì.”

“Kí lo ṣe tí o fẹ́ tọrọ àforíjì?”

“Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ní mo ṣe é.”

Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù mi. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà Manigri tí rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi bẹ́. A tì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tún un ṣe, Wàhábù ń tì, èmi ń kéwú. Ìgbà tí a fi dé oko Bàbá Búráímà, oòrùn ti tẹ̀ sí apá ìwọ̀ rẹ̀.

Ràdíò kékeré náà ni mo kọ́kọ́ rí, ó ń fì lórí ẹ̀ka igi kajú, ohùn kankan kò jáde níbẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Bàbá wà nílẹ̀, orí rẹ̀ kan ilẹ̀, kò mira.

Wàhábù di apá mi mú. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí ẹní ìrun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti kẹ́tùlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìrun Àlàásárì ló ń kí. Ìforíkanlẹ̀ náà pẹ́ o. N kò mọ̀ pé ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó jókòó, ó yí ojú sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó sì rí wa. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ewé gbígbẹ, Wàhábù náà ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ ìgbà tí omi ń bọ́ lójú mi.

“Dìde, oníròyìn,” ó ní. “Mo gbọ́ ẹ.”

“Bàbá, ẹ foríjì mí.”

“N kò níí foríjì ẹ́. Ní abala kẹsàn-án, o ní mo sọ ọwọ́ òsì sílẹ̀. Ìgbà wo ni mo sọ ọwọ́ òsì sílẹ̀ rí? Ṣé n kò sọ ìtàn ará Lomé yẹn fún ẹ ni?”

“Ẹ sọ ọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n àyà yín kò já? Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́?”

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó wọ mọ́ṣáláṣí. “Èmi ni wọ́n ń lù. Ṣé n kò ní mọ̀ pé n kò sí níbẹ̀ ni? Mo pa tẹlifóònù mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa da ìjà náà rú mọ́ mi létí.” Ó wá yíjú sí Wàhábù tó ṣì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí igi tó wó. “Ìwọ lo nà mí?”

“Mi ò nà yín, Bàbá! Mo fi Ọlọ́run búra!”

“Dìde. Gbé ọwọ́ sókè, jẹ́ kí n rí i.”

Wàhábù gbé ọwọ́. Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka kan tẹ ìgbọ̀nwọ́ òsì rẹ̀ wọlé, ó fi ẹsẹ̀ ti gìgísẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní, “Báyìí.” Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì jókòó sórí àpò kajú, mò ń sọ Alihamudulilahi lábẹ́lẹ̀, kò sì sú mi.

Nígbà tí orí mi pé, mo bẹ Bàbá kó tan tẹlifóònù rẹ̀. A pe ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ẹni tó gbé e. Mo ní kí a máa lọ kíákíá. Bàbá gun ẹ̀yìn alùpùpù mi. Wàhábù ní òun á fẹsẹ̀ rìn, rọ́bà náà sì dúpẹ́.

Kí a tó dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹkún. Alfa Sùlé ti mú Mẹ́mùnà dé láti Doguè. Àwọn ará ilé rí alàgbà aláṣọ funfun tó sin ọmọ wá sílé, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wá di òótọ́. Alfa Sùlé dúró láàárín agbo, ó ń pariwo pé “Kò kú! Kò kú!” Obìnrin kan ń dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa, ẹni rere kì í kú.”

Mo fẹ́ yára wọlé. Bàbá di èjìká mi mú.

“Dúró. Pa ẹ̀rọ yìí.”

“Bàbá, àwọn ènìyàn ń jìyà.”

“Ìṣẹ́jú kan péré. Ta nìyẹn tó ń ké pé mo lawọ́?”

Mo fetí sílẹ̀. “Ó dàbí ohùn Ìyá Sìkírá.”

“Ìyá Sìkírá tí oko wa pààlà? Tí kò kí mi láti ọdún méjì?” Ó mi orí. “Gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ dáadáa.”

Ó gbọ́ tirẹ̀ tán, ó gbọ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó kan ohùn Mẹ́mùnà, kò lè fara dà á mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ké “Sàláámù àlékùn!” láti ẹ̀yìnkùlé.

Ẹkún náà dákẹ́ bí ìgbà tí a pa ràdíò. Àwọn kan sá. Ìyá Sìkírá bo ojú rẹ̀. Mẹ́mùnà rọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn títí a fi rò pé ó máa gbé e ṣubú lóòótọ́. Nígbà tó jáwọ́, ó nu ojú rẹ̀, ó rìn wá bá mi, èmi tí a jọ ṣeré dàgbà, ó sì gbá mi létí. Ọmọ akànṣẹ́ ni. Mo rí ìràwọ̀ kí ó tó di àsìkò wọn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, torí ìgbátí tó tọ́ ni. Oúnjẹ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sè fún àwọn tó wá kẹ́dùn ni gbogbo wa jẹ, Wàhábù jẹ ti ẹni mẹ́ta.

Ọ̀gá wa ní ràdíò bá mi wí gidigidi, ó sì ní àfi kí Bàbá fúnra rẹ̀ sọ pé òun foríjì mí kí ètò náà tó máa lọ. Mo kọ òfin ìṣẹ́jú márùn-ún ti Mẹ́tìrì Lúùkù sára ògiri níwájú mikiró, gàdàgbà gàdàgbà. Gbogbo ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ lónìí, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà kí wọ́n tó jókòó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá Búráímà wá, ó wọ agbádá, Wàhábù sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ayé pé òun foríjì mí, yàtọ̀ sí ti ọwọ́ òsì. Mo wá béèrè ohun tí Manigri àti Bassila ń dúró láti gbọ́: “Bàbá, láàárín ẹ̀yin ìgbà èwe yín àti Wàhábù òní, ta ni ìbá borí?”

Bàbá tún ara ṣe lórí àga. Àga náà ké lábẹ́ rẹ̀.

“N kò mọ̀,” ó ní. “Ọmọ yìí wúwo, ó sì ní etí ìgbọràn. Bóyá á nà mí. Ṣùgbọ́n gbogbo akànṣẹ́ tí o ti ń kó pàdé níbí, ti àná àti ti òní, bi wọ́n léèrè fún mi: èwo nínú wọn ló jókòó sórí alùpùpù lẹ́yìn ilé ara rẹ̀, tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sunkún òun, títí kan ẹni tí kì í kí i, tó sì wọlé lọ jẹun?”

Mo ṣí ìlà tẹlifóònù sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́. Ẹnikẹ́ni kò pè láti bá a jiyàn, àní oníṣẹ́ ọkọ̀ Pénéssoulou pàápàá kò pè.